Bí a ṣe tún sáfà NFS wa ṣe kí ẹ̀rọ àtijọ́ tún lè ka fódà ńlá

Tí ẹ bá ń lo sáfà fáìlì tí èmi àtàwọn mélòó kan jọ ń kọ, èyí tó ń sọ NFS ẹ̀dà 3 (èdè tí kọ̀ǹpútà kan fi ń ka fáìlì tó wà lórí òmíràn láti orí nẹ́tíwọ̀kì), tí ẹ sì ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan níbì kan tó ń ka fódà ńlá tí kò kà á tán láti ìgbà tí ẹ ti gba ẹ̀dà tuntun, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. A ti rí ohun tó fà á. A ti tún un ṣe, àtúnṣe náà sì ti wọnú kóòdù. Mi ò bá kàn kọ ìlà kan nípa ẹ̀ kí n máa bá tèmi lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ó kan bí àwa tá à ń kọ kóòdù ṣe ń wo àwọn tó ń lò ó, pàápàá àwọn tí ẹ̀rọ wọn ti pẹ́, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti lè pariwo.

Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Mọ́kọ́lá tí mo máa ń bá wọn bójú tó kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ti pẹ́ níbí, University Press, Evans, HEBN, Jẹ́ríkò ni gbogbo wọn wà, ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níléèwé, ìlú yìí ló ti jáde, àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké náà sì ń jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ní ilé ìtẹ̀wé tí mò ń sọ yìí ti dàgbà. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀ jẹ́ Unix àtijọ́ kan ti bit 32 (nọ́ńbà tó ń bá ṣiṣẹ́ ò ju ẹyọ 0 àti 1 méjìlélọ́gbọ̀n lọ), àwọn tó ṣe é ò ta sọ́fúwià ẹ̀ mọ́, kò sí àpdéètì, kò sí nọ́ńbà tí ẹnì kan fẹ́ pè. Àmọ́ ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ le koko, pléètì tó ń ṣe mọ́ kedere, owó tí wọ́n sì máa fi ra òmíràn lónìí, ká má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ ni pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń di TIFF (fáìlì àwòrán) mẹ́rin, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ á wà nínú fódà kan lórí sáfà, ẹ̀rọ pléètì á wá lọ ká a níbẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Ìwé ẹ̀kọ́ tó bá ní ojú ewé 300, fáìlì 1,200 nìyẹn nínú fódà kan ṣoṣo.

Àǹtí tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ló pè mí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí, mo ti ṣí jọ́ọ̀bù yẹn tipẹ́, ó kàn ń ka fáìlì lọ ni, kò dúró, orúkọ kan náà ló ń tún padà wá."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé gbogbo jọ́ọ̀bù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ àbí èyí nìkan?"

"Rárá o, káàdì ìgbéyàwó tá a ṣe láàárọ̀ ṣí wàrà, kàlẹ́ńdà náà ṣí. Ìwé ńlá nìkan ni."

Kò sí ìròyìn tí ẹnì kankan fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí tó wúlò tó gbólóhùn kẹ́yìn yẹn, kó tó dìgbà náà wọ́n ti ní wáyà ló bà jẹ́, wọ́n ní iná tó ń ṣe ségesège ló ba swíìsì nẹ́tíwọ̀kì jẹ́, wọ́n tiẹ̀ ti fẹ́ lọ ra swíìsì tuntun, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má tíì náwó. Mo dá fáìlì òfìfo 200 sínú fódà kan, ẹ̀rọ ń yí po lórí ẹ̀. Mo kó TIFF ńláńlá mẹ́wàá sínú òmíràn, ó ṣí lójú ẹsẹ̀. Ká má wulẹ̀ wo bí fáìlì ṣe tóbi, iye wọn ni ká máa wò.

Mo bá fi tcpdump gba gbogbo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì ní póòtù 2049, ibi tí NFS ń gbà, mo gbé e sínú Wireshark tó ń jẹ́ kéèyàn lè kà á, mo jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ. Nínú NFS ẹ̀dà 3, tí kíláyẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń béèrè, bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fódà, á rán READDIR sí sáfà, á sì sọ iye báìtì tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ pléètì yìí ń béèrè 4,096. Sáfà á máa kó orúkọ sínú ìdáhùn títí àyè á fi kún. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní fileid (nọ́ńbà tí a fi ń dá fáìlì mọ̀) báìtì 8, báìtì 4 fún gígùn orúkọ, orúkọ fúnra ẹ̀, kúkì báìtì 8, àti báìtì 4 tó ń sọ bóyá òmíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ oní lẹ́tà 20 á gba báìtì 44, tí ẹ bá sì yọ àyè tí ìsọfúnni fódà fúnra ẹ̀ gbà, bíi orúkọ 90 ló máa wọ ìdáhùn kan. Tó bá ku àwọn kan, kíláyẹ́ǹtì á mú kúkì tó bá orúkọ tó gbà kẹ́yìn wá, á fi ránṣẹ́ padà sí sáfà pé ibi tí a bá a dé rèé, máa bọ̀ láti ibẹ̀. Bí ewé tí èèyàn fi sáàárín ìwé kó lè mọ ibi tó kà dé ni kúkì ṣe rí.

Fódà tí ohun tó wà nínú ẹ̀ ò bá tó 90, ìdáhùn kan ti tó o, kúkì ò ní padà wá rárá. Ìdí nìyẹn tí káàdì ìgbéyàwó fi ṣí.

Ohun tí mo rí nínú Wireshark rèé. Kúkì tí sáfà wa fi ránṣẹ́ jẹ́ bit 64, ìdajì òkè bit 32, ìdajì ìsàlẹ̀ bit 32. Èyí tí ẹ̀rọ pléètì dá padà, ìdajì ìsàlẹ̀ pé pérépéré, ìdajì òkè ti di òdo. Inú nọ́ńbà bit 32 ló kó o sí, ìyókù bọ́ sílẹ̀. Sáfà wa máa ń to orúkọ nípa kúkì wọn láti kékeré lọ sí ńlá, nọ́ńbà tó padà wá yìí sì kéré ju gbogbo kúkì tó wà nínú fódà lọ, torí náà tí wọ́n bá ní kó mú àwọn tó tóbi ju èyí lọ wá, gbogbo fódà ló tóbi jù ú lọ, ló bá tún kó orúkọ 90 àkọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ tún gbà á, ó tún gé kúkì, ó tún rán an padà. Kò sí àṣìṣe kankan nínú lọ́ọ̀gì. Lójú sáfà, ìbéèrè gidi ló ń gbà, ìdáhùn gidi ló ń fún un. Irú ìbàjẹ́ tí ò pariwo yìí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kí nǹkan kú kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó kú sàn ju kó máa ṣe bíi pé ó ń ṣiṣẹ́.

Wíwá ibi tó ti wọlé ò le. git bisect máa ń pín ìtàn kóòdù sí méjì, á tún pín in sí méjì, kọ́mìtì 1,000, ìyẹn ìyípadà 1,000 tí a kọ sínú kóòdù, ò gbà ju ìgbà 10 lọ. Ó mú wa dé orí kọ́mìtì tó sọ kúkì wa di bit 64.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìdí tí kọ́mìtì yẹn fi wà, torí ìdí gidi ni. Tẹ́lẹ̀, kúkì wa jẹ́ háàṣì bit 31 ti orúkọ fáìlì, ìyẹn nọ́ńbà tí a ṣírò jáde láti inú orúkọ náà. Bit 31 ju bílíọ̀nù 2 lọ, ó jọ pé ó pọ̀, àmọ́ tí fáìlì inú fódà kan bá ti ń sún mọ́ 54,500, ó ti di ìdajì-ìdajì pé ó kéré tán orúkọ méjì kan níbẹ̀ á ní kúkì kan náà. Tí wọ́n bá tó 200,000, ó lè tó méjì-méjì lọ́nà 9. Ẹnì kan tó ń kó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jọ ní fódà tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: tí orúkọ méjì bá ní kúkì kan náà, tí ìdáhùn wá kún gẹ́lẹ́ láàárín wọn, ti àkọ́kọ́ á lọ, kíláyẹ́ǹtì á fi kúkì ẹ̀ béèrè ìyókù, sáfà á mú àwọn tó tóbi ju kúkì yẹn lọ, ìkejì ò tóbi jù ú lọ, ó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ ni, bó ṣe pòórá nìyẹn. Fáìlì wà lórí díìsìkì, ls, àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì jáde, ò rí i. Bákọ́ọ̀pù ò rí i. Ohùn àgbàlagbà kan tí ò sí láyé mọ́ lè wà nínú fáìlì yẹn, kó má sí nínú bákọ́ọ̀pù, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Kíláyẹ́ǹtì Linux tiẹ̀ máa ń fura tó bá rí kúkì tó tún ara ẹ̀ ṣe, á kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé fódà yìí ní readdir loop (kíkà tó ń yí po), ẹ kàn sí ẹni tó ni sáfà yín.

Nítorí náà ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọ ọ́ sọ ọ́ di bit 64, ìṣòro fódà ńlá sì tán. Kì í ṣe òun nìkan ló gba ọ̀nà yẹn. Lọ́dún 2012, nínú Linux 3.4, ext4, ètò tó ń to fáìlì sórí díìsìkì, náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún sáfà NFS inú kánẹ́ẹ̀lì (ọkàn Linux) ní háàṣì bit 64 fún ẹ̀dà 3 àti 4, ẹ̀dà 2 nìkan ló kù sórí bit 32 torí kúkì tiẹ̀ ò ju báìtì 4 lọ. Ìyípadà yẹn ló ṣàkóbá fún GlusterFS, tó ń so díìsìkì ọ̀pọ̀ sáfà pọ̀ di ọ̀kan, tó sì ti ń lo àwọn bit òkè tó rí lófìfo láti fi kọ díìsìkì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Kò sí ẹni tó ṣèlérí fún GlusterFS pé àwọn bit yẹn á máa ṣófo. Wọ́n kàn ti ń ṣófo tipẹ́ ni, ó sì ti kọ́lé sórí ẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jókòó ní Bódìjà, a sọ ọ̀rọ̀ náà lójú ara wa. Ó ní, "Ṣó o ti ka RFC 1813, ìwé tó ṣàlàyé NFS ẹ̀dà 3? Oṣù kẹfà ọdún 1995 ló jáde. Kúkì jẹ́ bit 64, kíláyẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ yẹ inú ẹ̀ wò, bó ṣe gbà á ni kó ṣe dá a padà. Ẹ̀rọ wọn ló ṣẹ̀, sáfà wa ò ṣẹ̀."

Mo ní, "Mi ò bá ẹ jiyàn, ẹ̀rọ yẹn ló ṣẹ̀. Wá sọ ẹni tó máa tún un ṣe fún mi."

Ó ní kí wọ́n dúró sórí ẹ̀dà tẹ́lẹ̀ nígbà náà, kò pọn dandan kí wọ́n gba tuntun. Mo ní ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo àtúnṣe ààbò tá a bá ṣe láti òní lọ, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, sáfà kan náà yẹn sì ni àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó wọn ń lò, òun náà ni bákọ́ọ̀pù wọn wà lórí ẹ̀. A ò lè sọ fún èèyàn pé kó mú ọ̀kan nínú kí ilé ẹ̀ láàbò àti kí iṣẹ́ ẹ̀ máa lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni sáfà wa fi ń fún ẹ̀rọ yẹn ní nọ́ńbà tó lè gbé, àwa la dìde lọ́jọ́ kan tá a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní èyí tí ò lè gbé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó yí padà ló yẹ kí àtúnṣe ti wá. Kánẹ́ẹ̀lì Linux náà di òfin yẹn mú gan-an, pé ìyípadà inú kánẹ́ẹ̀lì ò gbọdọ̀ ba prógíráàmù tó ti ń ṣiṣẹ́ lókè jẹ́, ì báà jẹ́ pé prógíráàmù yẹn gan-an ló kọ́kọ́ ṣe ohun tí ò yẹ.

Mo fi méjì hàn án tí àwọn míì ti ṣe. Àkọ́kọ́ ni IRIX, Unix ti ilé-iṣẹ́ SGI. Nínú exports rẹ̀, fáìlì tó ń sọ fódà tí sáfà ń pín àti ẹni tó ń pín in fún, wọ́n fi nǹkan kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 32bitclients, tí ẹ bá tàn án, sáfà á pa bit 32 òkè rẹ́ kúrò nínú kúkì fódà NFS ẹ̀dà 3, nítorí àwọn kíláyẹ́ǹtì bíi Solaris 2.5 tí wọn ò lè gba kúkì tí bit òkè ẹ̀ ò ṣófo. Ìṣòro wa gan-an rèé, àwọn àgbà ti bá a pàdé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ìkejì ò pẹ́ púpọ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n rí i nínú sáfà NFS ti Linux pé tí kíláyẹ́ǹtì bá ń ka fáìlì ní òpin tó jìnnà jù lọ tí fáìlì lè dé, láti 0x7ffffffffffff000, iye báìtì tó béèrè lè mú kí ìṣirò sáfà kọjá ààlà, sáfà á wá dá INVAL padà, àṣìṣe tó ń sọ pé ìbéèrè náà ò tọ́. RFC fàyè gba INVAL fún READ. Àmọ́ kíláyẹ́ǹtì Linux ò mọ ohun tó máa fi INVAL ṣe níbẹ̀, á tún béèrè, á tún béèrè, kò ní sinmi. Ìyípadà kan tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ kíláyẹ́ǹtì, tó ń sún iye báìtì tó béèrè sókè kó lè bá rsize, iye tó ń kà lẹ́ẹ̀kan, mu, ló jẹ́ kó hàn. Sáfà tó ń tẹ̀ lé ìwé yẹn náà ni wọ́n tún ṣe. Dípò INVAL, ó ń dá ìdáhùn kúkúrú padà, ó sì ń sọ pé fáìlì ti dópin, bí sáfà Solaris ṣe ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ka àlàyé kọ́mìtì yẹn tán, ó ní ó dáa, kí la máa ṣe tí a ò ní da ẹni tó ni fódà 200,000 nù?

Ìbéèrè yẹn ló tọ́, òun ló sì gba wa lákòókò jù.

Ká yí kọ́mìtì padà, rárá, fáìlì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ká ṣe bíi ti IRIX, ká pa bit òkè rẹ́ lásán, ìyẹn náà ò ní ṣiṣẹ́ fún wa, torí háàṣì la fi ń to orúkọ, ìdajì ìsàlẹ̀ háàṣì ò bá ètò yẹn mu rárá, kúkì á kàn máa fò sókè fò sílẹ̀. A wá rí i pé ìdajì òkè ló yẹ ká mú. Háàṣì tuntun wa ń lo bit 63, bit tó ga jù lọ máa ń jẹ́ òdo nígbà gbogbo torí ọ̀pọ̀ prógíráàmù ló ń kó kúkì sínú nọ́ńbà tó lè lọ sábẹ́ òdo. Ìdajì òkè ẹ̀ wá jẹ́ bit 31 gẹ́lẹ́, èyí tí nọ́ńbà bit 32 lè gbé láìsí wàhálà. Tí a bá to orúkọ nípa háàṣì odindi, ìdajì òkè wọn ti wà létòlétò náà, nítorí náà a ò nílò tábìlì kejì, a ò tún fódà kankan tò. Tí a bá pe háàṣì odindi ní h, ẹ̀rọ àtijọ́ á gba h >> 32, ìyẹn ìdajì òkè ẹ̀, bíi kúkì, tó bá dá kúkì náà, c, padà, sáfà á bẹ̀rẹ̀ láti orí háàṣì àkọ́kọ́ tó bá tó (c+1) << 32, ìyẹn èyí tí ìdajì òkè ẹ̀ ju c lọ. Cookie32 la pe ètò yìí. Nígbà tí mo rí i pé ibi tí gbogbo ẹ̀ kéré mọ nìyẹn, inú mi dùn gan-an, mi ò lè pa á mọ́ra.

Àmọ́ orúkọ méjì tí ìdajì òkè wọn dọ́gba ṣì wà ńlẹ̀, bit 31 la ṣáà padà sí. Ohun tó ń jẹ́ kí fáìlì pòórá tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé kúkì dọ́gba nìkan, bí a ṣe ń gé ìdáhùn láàárín àwọn tó dọ́gba ló fà á gan-an. A fi òfin kan síbẹ̀: àwọn orúkọ tí kúkì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, inú ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn máa wà. Tí àyè bá fẹ́ kún láàárín wọn, sáfà á yọ gbogbo wọn jáde, á fi wọ́n sílẹ̀ fún ìdáhùn tó ń bọ̀. Orúkọ tó gùn jù lọ, lẹ́tà 255, báìtì 280 ló máa gbà, mẹ́ta irú ẹ̀ ò tó 900, wọ́n á wọ inú 4,096 dáadáa. Tó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló wà nínú ìdáhùn, tí wọn ò sì tún wọ̀ ọ́ síbẹ̀, sáfà á dá NFS3ERR_TOOSMALL padà, pé àyè tí wọ́n béèrè kéré jù, kò ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ láìsọ.

Kúkì 0 ni ìbẹ̀rẹ̀ fódà, a fi 1 àti 2 pa mọ́ fún fódà fúnra ẹ̀ àti èyí tó wà lókè ẹ̀, nítorí náà háàṣì tí ìdajì òkè ẹ̀ bá kéré ju 3 lọ, a sún un sí 3. Ohun kékeré tí a ṣe yìí wá ṣí ìlẹ̀kùn míì fún wa. Tí ìdajì òkè ò bá lè kéré ju 3 lọ láé, a jẹ́ pé, yàtọ̀ sí 0, 1 àti 2 yẹn, kò sí bí kúkì bit 64 tiwa ṣe máa padà wá pẹ̀lú ìdajì òkè tó jẹ́ òdo, àyàfi kí ẹnì kan ti gé e. Ká ní ẹ̀rọ kan kó o sínú nọ́ńbà bit 32 tó lè lọ sábẹ́ òdo, tó wá nà án padà sí 64, ìdajì òkè lè kún fún 1 látòkè délẹ̀, ìyẹn náà ò lè jẹ́ tiwa torí bit tó ga jù lọ ti kúkì wa òdo ni. Sáfà ti wá dá kúkì gígé mọ̀ láìṣiyèméjì. Tó bá rí i, kò ní bẹ̀rẹ̀ fódà látìbẹ̀rẹ̀ mọ́, á dá NFS3ERR_BAD_COOKIE padà, pé kúkì náà ò dáa, á sì kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé kíláyẹ́ǹtì tó wà ní àdírẹ́ẹ̀sì báyìí ń gé kúkì, ẹ tan cookie32 fún un. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àtúnṣe náà, ju kúkì fúnra ẹ̀ lọ. Ká ní lọ́ọ̀gì yẹn ti wà tẹ́lẹ̀ ni, àǹtí yẹn ò ní jókòó ti ẹ̀rọ tó ń yí po, kò sì sẹ́ni tó máa dárúkọ swíìsì.

Ẹnì kan nínú wa bi wá pé níwọ̀n ìgbà tí sáfà ti lè dá a mọ̀, kí ló dé tí ò fi kàn yí padà fún kíláyẹ́ǹtì yẹn fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan tan nǹkan kan. A rò ó dáadáa. NFS ẹ̀dà 3 ò ní ìrántí lọ́dọ̀ sáfà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kí sáfà lè kú kó sì jí kí kíláyẹ́ǹtì má mọ̀. Tí a bá ní kó máa rántí ẹni tó ń gé kúkì, a máa kọ ọ́ síbì kan lórí díìsìkì, tí ẹ̀rọ méjì bá tún ń pín àdírẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn NAT, ọ̀kan á kó ti ìkejì. Ọwọ́ ẹni tó ni sáfà la fi ìpinnu sí. Bit 64 ni gbogbo ènìyàn máa bá níbẹ̀, ìlà kan nínú exports á fi cookie32 sí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ tó bá nílò ẹ̀. Kí ẹ má tàn án fún kíláyẹ́ǹtì Linux tuntun o, kúkì tó bá dọ́gba á jẹ́ kó máa pariwo readdir loop.

Nǹkan kan tún kù, cookieverf, báìtì 8 tó máa ń bá kúkì rìn lọ rìn bọ̀. A kọ irú kúkì tó jẹ́ sínú ẹ̀, 32 tàbí 64, kí ẹni tó bá tan cookie32 nígbà tí ẹ̀rọ kan ṣì ń ka fódà lọ́wọ́ má bàa já a lẹ́nu. Sáfà á mọ irú kúkì tó padà wá, á túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ti tẹ́ẹ̀sì wá kù. Cthon04, àkójọ tẹ́ẹ̀sì fún NFS, ní tẹ́ẹ̀sì READDIR nínú, test6 nínú àwọn basic, gbogbo ẹ̀ la sì yege nígbà tí a tú ẹ̀dà tó bà jẹ́ jáde, torí orí kíláyẹ́ǹtì bit 64 la ti ń ṣe é. Mo kọ tẹ́ẹ̀sì míì tó ń ṣe bíi kíláyẹ́ǹtì àtijọ́, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ rán READDIR, ó ń gé gbogbo kúkì sí bit 32 kó tó dá a padà, orí fódà tó ní orúkọ 200,000 ló ti ń ṣe é kí àwọn tó dọ́gba lè wà níbẹ̀ dájú, ó sì fẹ́ rí orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ó ń béèrè báìtì 512, ó ń béèrè 4,096, ó ń béèrè 32,768, kí ibi tí ìdáhùn ti ń kún lè máa yí padà. Pẹ̀lú báìtì 512 ló ti gbá ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kọ fún kíkó orúkọ tó dọ́gba pọ̀ mú, ó ń yọ ọ̀kan jáde níbi tó ti yẹ kó yọ méjèèjì, a tún un ṣe níbẹ̀.

A gbé e lọ sí Mọ́kọ́lá nígbà tí tẹ́ẹ̀sì ti kẹ́sẹ járí. Kí a tó tan cookie32, mo ní kí àǹtí kọ́kọ́ ṣí ìwé ńlá yẹn bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ rí i pé lọ́ọ̀gì á sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ pléètì náà sì gbé àṣìṣe síta dípò kó máa yí po. A fi ìlà kan yẹn sí exports, ó tún un ṣí, 1,200 jáde. Ó yí lọ sísàlẹ̀ pátápátá láti wo ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ní, "Ó ti dé. Ẹ ṣeun, ọmọ mi, mo ti fẹ́ ní kí wọ́n gbé ìwé yìí lọ síbòmíràn." Ó bẹ̀rẹ̀ pléètì àkọ́kọ́ kí n tó kó wáyà mi tán.

Iṣẹ́ ò tíì parí lórí irú àwọn ẹ̀rọ yìí. Fileid náà jẹ́ bit 64 nínú ẹ̀dà 3, ẹ̀rọ tó ń gé kúkì lè gé òun náà, inode (nọ́ńbà tí fáìlì ní lórí díìsìkì, tó ń di fileid) tó bá sì ti ju bit 32 lọ, wàhálà míì ń bọ̀. XFS, ètò díìsìkì bíi ext4, ti ń lo inode64, èyí tó ń jẹ́ kí inode lè kọjá bit 32, láìjẹ́ pé ẹ béèrè láti Linux 3.7, nítorí náà ẹni tó bá gbé fáìlì ẹ̀ sórí díìsìkì XFS ńlá tuntun lè bá a pàdé nígbàkigbà. Mo ti ń kọ fileid32 lọ́wọ́, àmọ́ ó ṣòro ju ti kúkì lọ torí fileid ò ní ètò tá a lè fi ìdajì òkè pa mọ́, bẹ́ẹ̀ fáìlì méjì tí fileid wọn bá dọ́gba, prógíráàmù bíi tar tó ń di fáìlì pọ̀ lè rò pé fáìlì kan náà ni wọ́n tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ní ju orúkọ kan lọ. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ bit 32 tó ń ka fáìlì lórí sáfà wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba tcpdump ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣí fódà tí fáìlì inú ẹ̀ ju 100 lọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ẹ lo -s 0 kó má bàa gé páákẹ́ẹ̀tì.